Póókà: Òfin owó ló ń fọkàn balẹ̀
Ọlọ́gbọ́n oníṣòwò tòmátò ní ọjà Mile 12 kì í kó gbogbo owó òwò rẹ̀ lé ẹrù ọkọ̀ kan. Bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí ọ̀dọ́ Ifákọ̀ tó ń fi póókà orí íntánẹ́ẹ̀tì jẹun máa ṣe.

Lọ́dún 2006, Chris Ferguson ará Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ láìní kọ́bọ̀, ó fi ìdíje ọ̀fẹ́ wá owó ìbẹ̀rẹ̀. Kì í fi ju 5 nínú 100 owó rẹ̀ sídìí tábìlì kan. Bó bá pàdánù, á padà sí tábìlì olówó kékeré. Nǹkan bí oṣù 16 ló fi di 10,000 dọ́là.

Ìbínú ló ń sọ pé dandan ni kí èèyàn gba owó tó lọ padà lálẹ́ kan. Ẹ ṣòfin kí ẹ tó jókòó; ẹ má fowó ilé ta tẹ́tẹ́.