Okùn àti Òrùka ní Etí Omi: Fàrílà Ta Ni?

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́-ayé, Àṣàkẹ́-ọ̀run. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tí ó tẹ orí omi ba fún ọmọ ènìyàn kí ọkọ̀ lè máa rìn lórí rẹ̀. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad (s.a.w.), àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàábé rẹ̀ àti gbogbo ẹni tí ó tẹ̀lé wọn ní dáadáa títí di ọjọ́ ìkẹyìn.

Lẹ́yìn náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin àti lóbìnrin. Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí dá lórí ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kà sí ọ̀rọ̀ ìjọba nìkan, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn pọ́ńbélé: okùn, ọ̀pá àti òrùka tí a fi ń yọ ẹni tí ó bá já sínú omi.

OHUN TÍ OJÚ MI RÍ

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo wà ní èbúté kan ní etí ọ̀sà Èkó, mò ń dúró de ọkọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ru àpò gààrí ń gba orí pákó bọ̀ láti inú ọkọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó já sí àárín ọkọ̀ àti èbúté. Gbogbo wa figbe ta. Ẹnì kan sáré lọ mú òrùka adóòlà ẹ̀mí, ìyẹn òrùka ńlá tí ó dà bí táyà, tí kì í rì. Inú ọ́fíìsì ni òrùka náà wà, ilẹ̀kùn irin sì wà ní títì. Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti lọ jẹun. Ọlọ́hun ló ní kí awakọ̀ kan na ọ̀pá tí ó fi ń ti ọkọ̀ sí i. Ó dì í mú, a sì fà á gòkè.

Bí ó ti ń pọ omi jáde lẹ́nu ni bàbá àgbàlagbà kan sọ pé: "Ọjọ́ rẹ̀ ni kò tíì pé." Gbogbo wa ní "Alhamdu lillaahi." Òdodo ni bàbá sọ. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè kan ti wà lọ́kàn mi: bí ọmọ yẹn bá kú, ṣé kádàrá la ó dá lẹ́bi ni, tàbí àgádágodo?

ỌRỌ̀ MÉJÌ TÍ A Ń ṢÌ LÒ

Èkíní ni kádàrá. A gbà gbọ́ pé ẹ̀mí kọ̀ọ̀kan ní gbèdéke tirẹ̀. Ṣùgbọ́n Ọlọ́hun kan náà ni ó kọ̀ fún wa nínú Suuratul-Baqara, aaya 195, pé a kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ ara wa ti ara wa sínú ìparun. Nínú hadiisi tí At-Tirmidhi gbà wá, ọkùnrin kan bi Ànábì (s.a.w.) bóyá kí òun so ràkúnmí òun kí òun sì gbára lé Ọlọ́hun, tàbí kí òun fi í sílẹ̀ láìso. Ànábì dá a lóhùn pé kí ó kọ́kọ́ so ó, kí ó tó gbára lé Ọlọ́hun. Òrùka tí a gbé kọ́ sí etí omi ni okùn ràkúnmí tiwa.

Èkejì ni hadiisi Al-Bukhari àti Muslim tí ó ka ẹni tí omi gbé lọ mọ́ àwọn ṣàhíìdì. Ìtùnú ni èyí jẹ́ fún ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, kì í ṣe àwáwí fún ẹni tí ó ṣe àìbìkítà. Nínú hadiisi kan náà ni ẹni tí ilé wó pa wà. Ṣé nítorí èyí ni kọ́lékọ́lé yóò ṣe máa jí sìmẹ́ǹtì yọ?

ÌDÁJỌ́ ÀWỌN ONÍMỌ̀

Ẹ wo Suuratul-Maa'ida, aaya 32: Ọlọ́hun fi ẹni tí ó dá ẹ̀mí kan sí wé ẹni tí ó dá gbogbo ènìyàn sí. Nítorí èyí ni Izzud-Deen ibn Abdis-Salaam, nínú ìwé rẹ̀ Qawaa'idul-Ahkaam, fi kọ́ wa pé yíyọ ẹni tí ó ń rì ṣíwájú ìrun kíkí, nítorí pé a lè padà san ìrun. Bí ẹni tí ó wà nínú ààwẹ̀ Ramadan kò bá lè yọ ọ́ àfi kí ó ṣínu, kí ó ṣínu.

Nínú madh-hab Maliki tiwa, ẹni tí ó bá ti ka Mukhtasar Shaykh Khalil yóò rántí pé, nínú orí ọ̀rọ̀ lórí ẹran pípa, ó sọ pé ẹni tí ó lágbára láti yọ ẹ̀mí tàbí dúkìá tí ó fẹ́ ṣègbé, tí ó sì fi í sílẹ̀, yóò dáhùn fún un. Bí ẹni tí ó kàn ń kọjá lọ bá jẹ gbèsè báyìí, kí ni kí a sọ nípa ẹni tí ó ń gba owó lọ́wọ́ èrò lójoojúmọ́ tí kò ra okùn?

Àwọn onímọ̀ tún sọ pé ohun tí fàrílà kò lè pé láìsí rẹ̀, fàrílà ni òun náà, gẹ́gẹ́ bí wíwá omi àlùwàlá ti di dandan nítorí ìrun. Yíyọ ẹni tí ó ń rì jẹ́ fàrílà kifaaya: bí àwọn kan bá ṣe é, ó bọ́ lọ́rùn àwọn yòókù, bí ẹnikẹ́ni kò bá ṣe é, gbogbo ẹni tí ó lè ṣe é ló jẹ̀bi. Nítorí náà, irinṣẹ́ rẹ̀ náà di fàrílà.

OHUN TÍ ÌMỌ̀ AYÉ SỌ

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nǹkan bí ènìyàn 300,000 ni omi pa ní ọdún 2021, tí ó ju ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún wọn lọ jẹ́ ará àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó púpọ̀. Ẹni tí ó ń rì kì í sábà lè ké, nítorí pé omi ti ń bo ẹnu rẹ̀. Bí atẹ́gùn kò bá dé ọpọlọ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 4 sí 6, ọpọlọ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Ta ni yóò rí kọ́kọ́rọ́ láàárín ìgbà yẹn?

Òfin àgbáyé fún ọkọ̀ ojú omi ní kí òrùka adóòlà má fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 80 lọ, kí ihò rẹ̀ má dín sí 40, kí ó sì lè gbé irin kìlógíráàmù 14.5 dúró lórí omi tí kò níyọ̀ fún wákàtí 24. Àdéhùn Àjọ Àwọn Òṣìṣẹ́ Àgbáyé ti ọdún 1932 lórí àwọn òṣìṣẹ́ èbúté ti ní kí a pèsè ohun tí a ó fi yọ òṣìṣẹ́ tí ó bá já sómi. Ibi tí a ti ń já ẹrù ọkọ̀, tí a ti ń wa yanrìn, tí a ti ń fa gẹdú, kò ní àwáwí.

Ẹ sì fi èyí sọ́kàn: ẹ má ṣe bẹ́ sínú omi tẹ̀lé e. Àwọn àgbà ní òmùwẹ̀ ní ń bómi lọ. Ẹni tí ó ń rì a máa di olùgbàlà rẹ̀ mú, àwọn méjèèjì a sì rì. Ẹ kọ́kọ́ na ọ̀pá sí i. Bí ọ̀pá kò bá tó o, ẹ ju òrùka kọjá orí rẹ̀, kí ẹ fi okùn fà á dé ọwọ́ rẹ̀. Ẹ dọ̀bálẹ̀ tí ẹ bá ń fà á, kí ó má baà fà yín wọlé.

OHUN TÍ ẸGBẸ́ WA LÈ ṢE

Bí owó òrùka kò bá tíì sí, ẹ mú kẹ́ẹ̀gì onílítà 10, ẹ rọ omi díẹ̀ sí i kí ó lè ṣeé jù, ẹ dé e pinpin, ẹ so okùn mítà 20 mọ́ ọn. Yóò gbé nǹkan bí kìlógíráàmù 9. Díẹ̀ ló ju 5 lọ tí àgbàlagbà nílò láti gbé orí sókè nínú omi. Kò tó òrùka gidi, ṣùgbọ́n ó sàn ju igbe lọ.

Ẹ gbé e kọ́ síbi tí gbogbo ojú ti lè rí i, láìsí àgádágodo. Ẹ yẹ okùn rẹ̀ wò lóṣooṣù, nítorí oòrùn a máa sọ ọ́ di gbígbó. Ẹ jẹ́ kí lèmọ́mù kéde rẹ̀ ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀ gẹ́gẹ́ bí wàkáfù, kí ẹnikẹ́ni má baà tú okùn rẹ̀ lọ so àgbò. Ẹni tí ó jí i kò mọ ẹni tí ó jí i lọ́wọ́ rẹ̀; ó lè jẹ́ ọmọ tirẹ̀. Sàdákátù jáàríyà ni, ẹ̀san rẹ̀ kì í dúró bí ẹni tí ó fi í lélẹ̀ bá tilẹ̀ kú.

Lẹ́yìn èyí, ẹ lọ bá àwọn tí ó ni èbúté pẹ̀lú ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́. Ẹ rántí hadiisi inú ọkọ̀ tí Al-Bukhari gbà wá láti ọ̀dọ̀ Nu'maan ọmọ Basheer: bí àwọn tí ó wà lókè bá jẹ́ kí àwọn ti ìsàlẹ̀ lu ọkọ̀, gbogbo wọn ni yóò ṣègbé.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ìgbáralé Ọlọ́hun àti àìbìkítà?
2. Kí ni fàrílà kifaaya? Ta ló jẹ̀bi bí kò bá sí ẹni tí ó ṣe é?
3. Odò tàbí ọ̀sà wo ló súnmọ́ ẹ̀ka yín jù? Kí ló wà ní etí rẹ̀?

Kí Ọlọ́hun má ṣe jẹ́ kí ẹ̀mí kankan ṣòfò nítorí ọ̀lẹ wa. Àmín.