Ẹ Dákẹ́ Kí Ọmọ Lè Fi Iyanrìn Sọ̀rọ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń fi ọpọ́n iyanrìn tọ́jú ọkàn àwọn ọmọdé ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀, ẹ fẹ́ràn iṣẹ́ yìí, mo sì rí i. Ẹnu yín ló yá jù. Ọmọ ò tíì ri sójà ìṣeré mọ́lẹ̀ tán tí ẹ ti ń bi í pé ta ni sójà ọ̀hún. Ibẹ̀ niṣẹ́ ti ń bàjẹ́.

Nítorí ọmọ tí ọ̀rọ̀ há sí lọ́fun ni Margaret Lowenfeld, dókítà àwọn ọmọdé, ṣe gbé iyanrìn àti ohun ìṣeré kalẹ̀ ní London lọ́dún 1929. Dora Kalff kọ́ ọ lọ́dọ̀ rẹ̀, ó gbé e lọ sí Switzerland. Ọpọ́n tirẹ̀ gùn tó 72 sẹ̀ǹtímítà, ó fẹ̀ tó 57, kí ojú lè ká gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Búlúù ni wọ́n kun inú rẹ̀, kí ọmọ tó bá wa iyanrìn lè kan omi. Káfíńtà àdúgbò yín lè ṣe é. Ẹ jọ iyanrìn náà, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a sóòrùn. Ẹ wá ohun ìṣeré tó jọ danfo, kẹ̀kẹ́ Márúwá, ìyá tó pọnmọ, ọlọ́pàá, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí. Ẹ má yọ ejò àti pósí kúrò; ọmọ tẹ́rù ń bà lè nílò wọn.

Àwọn òbí wa mọ iyanrìn títẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn àfáà. Ìyá ọmọ yóò bi yín pé kí ni iyanrìn sọ. Ẹ sọ fún un pé iyanrìn ò sọ nǹkan kan, ọmọ rẹ̀ ló ń fi í sọ̀rọ̀. Ẹ má gba oyè aríran tó fẹ́ fi yín jẹ.

Ìsọlọ̀ ní ọgbẹ́ tirẹ̀. Lọ́jọ́ 27 oṣù Kìíní ọdún 2002, nígbà tí ohun ìjà bú gbàmù ní bárékè Ìkẹjà, àwọn tó ń sá àsálà ya sínú kánààlì Òkè-Àfá. Ọ̀pọ̀ kú sómi, ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn. Bí ọmọ bá wa iyanrìn kan búlúù, tó to èèyàn síbẹ̀, àyà ẹ̀yin tí ẹ pàdánù ẹbí á já. Ẹ rọra. Wọn ò tíì bí ọmọ yẹn nígbà náà. Ó lè jẹ́ àgbàrá tó wọlé wọn lálẹ́ àná, ó lè jẹ́ ìtàn ìyá àgbà. Òun ni yóò sọ èwo ni.

Ọmọkùnrin kan ń sin danfo níwájú mi, á fọwọ́ tẹ iyanrìn lé e, á hú u, á tún sin ín. Jàǹbá ọkọ̀ ló wá sí mi lọ́kàn. Mo panu mọ́. Nígbà tó ṣe tán, mo ní, “Ṣé o fẹ́ sọ nǹkan nípa rẹ̀ fún mi?” Ó ní, “Kọ̀ńdọ́ ń sùn nínú ẹ̀. Ẹ má jí wọn o.” Kọ̀ńdọ́ ni bàbá rẹ̀, tí í jáde kílẹ̀ tó mọ́, tí kì í wọlé títí ọmọ yóò fi sùn.

Ẹ má tú ọpọ́n lójú ọmọ. Bó bá lọ tán, ẹ ya fọ́tò ọpọ́n náà, ẹ tì í mọ́ fáìlì. Àṣírí ọmọ ni, àfi bó bá ní àgbàlagbà kan ń bá òun ṣe ìṣekúṣe tàbí ń lu òun bí ẹni máa pa òun: ẹ kàn sí DSVA, àjọ ìjọba Èkó tó ń rí sí ìwà ipá abẹ́lé àti ìfipábánilòpọ̀, lọ́jọ́ náà gan-an. Bí ọ̀rọ̀ bá ju agbára yín lọ, ilé ìwòsàn ọpọlọ ìjọba àpapọ̀ ti Yaba ní ibùdó àwọn ọmọdé ní Òṣòdì níbí. Ẹ má kàn kọ lẹ́tà lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ bá wọn débẹ̀.