Ilé ni a Rán, kì í ṣe Ẹnì Kan: Ẹ̀kọ́ lórí Àwọn Ìdílé Ajíhìnrere ní Ilẹ̀ Òkèèrè

Fún kíkà: Ẹ́kísódù 18:1–23, Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 18:1–3 àti 24–26, Róòmù 16:3–5, 1 Kọ́ríńtì 9:5.

Nígbà tí a bá ń ka ìtàn àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run tí wọ́n fi ilẹ̀ bàbá wọn sílẹ̀ lọ wàásù ní ilẹ̀ àjèjì, orúkọ ọkùnrin ni a sábà máa ń gbọ́. A ń gbọ́ ìlú tí ó wọ̀, ìwé tí ó túmọ̀, àti ìjọ tí ó dá sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá bèèrè ta ni ó ń dáná nínú ilé rẹ̀, tàbí ta ni ó jókòó ti ọmọ ní òru nígbà tí ibà mú un, púpọ̀ nínú àwọn ìwé ìtàn a dákẹ́. Ẹ̀kọ́ ti oṣù yìí dá lórí ohun tí wọ́n dákẹ́ sí. Kí gbogbo ìjọ, àti pàápàá àwọn olùkọ́, di èyí mú: nígbà tí a bá rán ọkùnrin tí ó ní aya àti ọmọ, ilé ni a rán, gbèsè tí ìjọ jẹ ilé náà kò sì kéré sí èyí tí ó jẹ ẹni tí ń wàásù.

1. Ìwé Mímọ́ kò gbàgbé ilé

Ẹ kíyèsí Mósè. Lẹ́yìn tí ó ti mú àwọn ọmọ Ísírẹ́lì jáde kúrò ní Íjíbítì, Sípórà aya rẹ̀ àti àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjèèjì kò sí lọ́dọ̀ rẹ̀, nítorí ó ti rán wọn padà sílé àna rẹ̀. Jẹ́tírò, àna náà, ni ó kó wọn tọ̀ ọ́ wá nínú aginjù. Àwa a máa rántí Jẹ́tírò nítorí ìmọ̀ràn rẹ̀, pé kí Mósè pín iṣẹ́ ìdájọ́ fún àwọn ẹlòmíràn kí àárẹ̀ má bàa pa á. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí orí náà ti tò ó: kí ó tó sọ ọ̀rọ̀ kan lórí iṣẹ́, ó ti kọ́kọ́ dá aya àti ọmọ padà fún oníṣẹ́. Ọgbọ́n àgbà ni èyí.

Ẹ wo Àkúílà àti Pírísílà pẹ̀lú. A lé wọn kúrò ní Róòmù. Ní Kọ́ríńtì wọ́n gba Pọ́ọ̀lù sí ilé wọn. Ní Éfésù àwọn méjèèjì jùmọ̀ kọ́ Àpólò ní ọ̀nà Ọlọ́run lọ́nà tí ó pé jù. Kò sí ibì kan nínú Bíbélì tí a ti dárúkọ ọ̀kan láìdárúkọ èkejì. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù sì ń kọ̀wé sí àwọn ará Kọ́ríńtì, ó rán wọn létí pé Pétérù àti àwọn àpọ́sítélì mìíràn a máa mú aya wọn lọ sí ìrìn àjò. Nítorí náà àwọn ìjọ àkọ́kọ́ mọ àwọn obìnrin wọ̀nyí, wọ́n sì bọ́ wọn.

2. Ilé tí ó fọ́: Dorothy Carey ní Bengal

William Carey, oníṣẹ́ bàtà tí ó di oníwàásù ní ìjọ Onítẹ̀bọmi ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní bàbá iṣẹ́ ìránṣẹ́ sí ilẹ̀ òkèèrè ní ayé òde òní. Ní 1793 ó pinnu láti lọ sí Íńdíà. Dorothy aya rẹ̀ kọ̀. Ọmọbìnrin ìgbèríko ni, kò mọ ìwé nígbà tí ó wọ ilé ọkọ, oyún sì wà nínú rẹ̀ nígbà náà. Carey gbéra láti lọ pẹ̀lú Felix àkọ́bí wọn nìkan. Ṣùgbọ́n ìrìn àjò náà fà sẹ́yìn, ó sì padà wá bẹ aya rẹ̀. Dorothy gbà nígbẹ̀yìn, bí ọmọ ìyá rẹ̀ obìnrin, Catherine, yóò bá wọn lọ. Ní oṣù kẹfà ọdún náà wọ́n wọ ọkọ̀ pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin, èyí àbíkẹ́yìn kò sì tí ì pé oṣù méjì.

Nígbà tí wọ́n dé ilẹ̀ Bengal, owó tí wọ́n mú lọ tán kíákíá. Wọ́n ń ṣí láti ibì kan dé ibòmíràn. Àìsàn inú kọlu ìyá àti ọmọ. Catherine rí ọkọ fẹ́, ó sì dúró lẹ́yìn nígbà tí àwọn yòókù lọ sí Mudnabati, níbi tí Carey ti ń ṣe alábòójútó ilé iṣẹ́ aró. Ní ibẹ̀, ní 1794, Peter ọmọ wọn, ọmọ ọdún 5, kú. Nítorí òfin ẹ̀yà àwọn ará ibẹ̀, ó ṣòro kí a tó rí ẹni tí yóò gbẹ́ sàréè fún un. Láti ìgbà náà ni ọkàn Dorothy ti bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú, kò sì bọ̀ sípò mọ́ títí ó fi kú ní oṣù kejìlá 1807. Ní 1801 ni Májẹ̀mú Titun jáde ní èdè Bengali; ẹni tí ó túmọ̀ rẹ̀ ń kọ̀wé nínú iyàrá kan nígbà tí aya rẹ̀ ń jìyà nínú iyàrá kejì.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá obìnrin yìí lẹ́jọ́. Àwọn kan ti kọ̀wé bí ẹni pé ìdènà ni ó jẹ́ fún ọkọ rẹ̀. Òtítọ́ ni pé ó san lára owó iṣẹ́ náà, a kò sì bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó ní in láti san.

3. Ilé tí ó di ìyá fún ọmọ ọlọ́mọ: Anna Hinderer ní Ìbàdàn

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ilé kejì, tí ó wà nínú ilẹ̀ tiwa. A bí Anna Martin ní Hempnall ní ìpínlẹ̀ Norfolk ní 1827. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 5. Láti ìgbà èwe ni ó ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, ìfẹ́ iṣẹ́ Ọlọ́run ní òkèèrè sì ti wà lọ́kàn rẹ̀ kí ó tó mọ ẹni tí yóò fẹ́. Ní oṣù kẹwàá 1852 ó fẹ́ David Hinderer, ọmọ ilẹ̀ Jámánì tí í ṣe àlùfáà C.M.S., ẹni tí ó ti wo Ìbàdàn, tí ó sì ti pinnu láti ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ní 1853 wọ́n dé, wọ́n sì tẹ̀dó sí Kúdẹtì.

Wọn kò bí ọmọ, ṣùgbọ́n ilé wọn kún. Olóyè Olúnlọ́yọ̀ọ́ fi ọmọ rẹ̀ méjì, Yéjídé àti Akínyẹlé, sí ọwọ́ wọn láti kọ́ ìwé. Àwọn mìíràn tẹ̀lé wọn. Ìyá ni àwọn ọmọ náà ń pe Anna. Ó kọ́ èdè wa, ó kọ́ wọn ní ìwé kíkà àti iṣẹ́ abẹ́rẹ́, ó tọ́jú aláìsàn. Daniel Olúbí, ọmọ Abẹ́òkúta, ń gbé láàárín wọn gẹ́gẹ́ bí ọmọ ilé àti olùrànlọ́wọ́.

Ní 1860 ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀. Àwọn Ẹ̀gbá gbè sẹ́yìn Ìjàyè, ọ̀nà Ìbàdàn sí etí òkun sì dí. Ìjàyè ṣubú ní 1862, ṣùgbọ́n ọ̀nà kò là. Owó kò dé, oògùn kò dé. Ilé tí ó kún fún ọmọ di ilé ebi. Wọ́n ta aṣọ àti ohun èlò ilé kí wọ́n lè rí owó ẹyọ ra oúnjẹ. Ní 1865 ni Glover, tí ń ṣe alákòóso Èkó, rán ènìyàn la igbó wá mú ìyá náà jáde. Ọkọ rẹ̀ tẹ̀lé e lẹ́yìn náà. Ẹ ò bá rò pé wọn kò ní padà mọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n tún wọ Ìbàdàn ní 1867. Ní 1869 ni àìlera mú wọn lọ pátápátá, Anna sì kú ní Norfolk ní ọjọ́ 6 oṣù kẹfà 1870, ní ọmọ ọdún 43. Ìjọ mẹ́ta, ní Kúdẹtì, Arẹ́mọ àti Ògùnpa, ni wọ́n fi sílẹ̀, Olúbí sì di alábòójútó wọn. Láti inú ilé náà ni ẹni tí ó jogún iṣẹ́ ti jáde.

4. Kí ni ó ya ilé méjèèjì sọ́tọ̀?

Kì í ṣe ìgbàgbọ́ ọkọ, nítorí Carey kò kéré ní ìgbàgbọ́. Èkíní ni ìpè: Anna fúnra rẹ̀ gbọ́ ìpè kí ó tó gbéra, Dorothy tẹ̀lé ìpè ẹlòmíràn. Èkejì ni ẹgbẹ́: Anna ní ilé tí ó kún fún ènìyàn, ẹni kan ṣoṣo tí Dorothy mú lọ láti ilé bàbá rẹ̀ ni ó fi í sílẹ̀. Ẹ̀rí èyí ni pé nígbà tí Carey dé Serampore ní 1800, tí àwọn ìdílé bíi mélòó kan jọ ń gbé, Hannah Marshman di ìyá fún àwọn ọmọkùnrin Carey, wọ́n sì rí ìtọ́sọ́nà. Ẹ̀kẹta ni ìrànlọ́wọ́: ìfẹ́ Anna kò dí ebi lọ́nà. Ìpè kì í rọ́pò oúnjẹ.

Ẹgbẹ́ C.M.S. pàápàá kọ́ ẹ̀kọ́ yìí díẹ̀díẹ̀. Nítorí ibà àti nítorí ìwé, ọ̀pọ̀ òbí ní láti fi ọmọ sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹgbẹ́ náà dá ilé sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù fún àwọn ọmọ wọ̀nyí, èyí tí a gbé lọ sí Limpsfield ní 1887. Iṣẹ́ rere ni. Síbẹ̀ ọmọ tí ó mọ ojú ìyá rẹ̀ nínú lẹ́tà nìkan ti san nínú owó náà pẹ̀lú.

5. Iṣẹ́ tí ó kù sí wa lọ́wọ́

Ilẹ̀ tí ó ń gba àlejò lánàá ti di ilẹ̀ tí ń rán ọmọ tirẹ̀ lọ. Àwọn ará wa wà ní àárín èdè tí wọn kò gbọ́ rí, pẹ̀lú aya àti ọmọ. Àwọn baba wa wí pé ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Kí a máa wo ilé kí a tó rán ọmọ níṣẹ́ pẹ̀lú.

Nítorí náà, kí àwọn àgbà ìjọ bèèrè lọ́wọ́ aya fúnra rẹ̀, kì í ṣe lọ́wọ́ ọkọ nípa rẹ̀. Bí ó bá sì wí pé òun kò lè lọ, kí a má ṣe ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí àìgbàgbọ́. Kí ohun tí a ṣèlérí dé ọwọ́ wọn ní àkókò. Kí a gbèrò ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ kí ẹrù tó di dídì. Nígbà tí wọ́n bá sì padà, nítorí àjò kì í dùn kí onílé má rèlé, kí a má ṣe gbé ọkọ nìkan gun orí àga ìwàásù. Kí a fi etí sí ìyá, kí a sì bèèrè lọ́wọ́ ọmọ ohun tí ó rí.

Àwọn ìbéèrè fún kíláàsì

1. Kí ni Jẹ́tírò kọ́kọ́ ṣe fún Mósè kí ó tó gbà á nímọ̀ràn?
2. Báwo ni ìjọ ìbá ti ran Dorothy Carey lọ́wọ́ ní 1793? Ní 1794 ńkọ́?
3. Kí ni ìdí tí a fi lè wí pé Daniel Olúbí jẹ́ èso ilé, tí kì í ṣe èso ìwàásù nìkan?
4. Ẹ dárúkọ ìdílé òjíṣẹ́ kan tí ó jìnnà sí ilé, èyí tí ìjọ yín mọ̀. Nígbà wo ni ẹ kọ̀wé sí ìyá ilé náà kẹ́yìn?