Thermostat wo ló yẹ sítóòfù pellet?

Ìbéèrè: Ní Maine, sítóòfù pellet wa ń tàn, ó ń kú, léraléra. Ṣé kí n pààrọ̀ thermostat ni?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí thermostat wà. Bó bá sún mọ́ sítóòfù, ooru á tètè kàn án, á sì paná kí yàrá tó móoru. Ògiri inú ilé ló yẹ ẹ́, bí ẹsẹ̀ bàtà 5 sókè, níbi tí oòrùn kò ti pa á.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìwọ̀n Fahrenheit 2 tàbí 3 sáàárín ìgbà tó ń tàn àti ìgbà tó ń kú. Àtàntúntàn ló ń tètè ba irin tó ń ṣáná jẹ́.

Bí ẹ bá máa ra thermostat tuntun, ẹ ra èyí tí ìwé sítóòfù yín fọwọ́ sí. Wáyà tín-ín-rín méjì ló sábà máa ń ní. Ẹ má so ó mọ́ iná ilé láé, ó lè jó bọ́ọ̀dù inú sítóòfù. Bí wáyà bá rú yín lójú, ẹ pe oníṣẹ́.

Fún ààbò yín, tí aago carbon monoxide bá dún, ẹ kó gbogbo ará ilé jáde, kí ẹ pe 911.