Àròkọ Aṣàlàyé: Bí A Ṣe Lè Fọ Ilé Ìgbọ̀nsẹ̀ Láìná Owó Púpọ̀

Nínú àròkọ aṣàlàyé, ohun tí olùdánwò ń wá ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ to ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ, kí ó sì sọ ìdí tí a fi ń ṣe ohun kọ̀ọ̀kan. Ẹ má ṣe jẹ́ kí orí-ọ̀rọ̀ yìí tì yín lójú. Ní ọdún 2013, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ya ọjọ́ 19 oṣù Kọkànlá sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ohun tí gbogbo ayé ń sọ kì í ṣe ohun ìtìjú.

ÌLAPA ÈRÒ
(i) Ìfáàrà: ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilé wa.
(ii) Bí táǹkì ìgbọ̀nsẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́.
(iii) Fífi ohun inú ilé fọ àwo ìgbọ̀nsẹ̀.
(iv) Ìtọ́jú ṣáláńgá.
(v) Àwọn ohun tí ó léwu.
(vi) Ìgúnlẹ̀.

ÀPẸẸRẸ ÀRÒKỌ

Àwọn àgbà a máa wí pé oògùn tí a kò fi owó ṣe, ẹ̀yìn ààrò ní í gbé. Ọ̀rọ̀ yìí ṣẹ mọ́ wa lára. Ìdílé mẹ́rin ni ó ń lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ olómi kan ṣoṣo ní ilé wa. Nígbà tí àwo rẹ̀ pọ́n, a fojú tín-ín-rín ohun tí ó wà nílé, a dá owó jọ, a ra oògùn apakòkòrò olóòórùn líle, a sì ń da odidi ìgò sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kò pẹ́ tí táǹkì fi kún, tí ìdọ̀tí sì ń ru padà wọlé. Owó tí bàbá mi fi pamọ́ fún ìdánwò mi ni ó fi san ìpín tirẹ̀ fún àwọn tí ó wá fi ọkọ̀ fà á. Ọ̀kan nínú wọn ni ó là wá lóye.

Ó ní àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-ìn-tín tí ojú lásán kò lè rí ń gbé inú táǹkì. Àwọn ni ó ń jẹ ìgbẹ́, tí wọ́n ń sọ púpọ̀ nínú rẹ̀ di omi àti afẹ́fẹ́. Omi náà a gba sókàwéè wọ inú ilẹ̀ lọ. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ díẹ̀ ni yóò kù nísàlẹ̀. Bí a bá ń da àdàjù oògùn sí i, àwọn òṣìṣẹ́ tí kì í gba owó oṣù wọ̀nyí ni a ń pa.

Ọ̀nà tí ìyá mi ń gbà fọ̀ ọ́ nísinsìnyí nìyí. Ní alẹ́, nígbà tí ará ilé bá fẹ́ sùn, yóò da garawa omi kan sínú àwo lẹ́ẹ̀kan náà, kí omi tí ó dúró nínú rẹ̀ lè fà. Yóò fún ọsàn wẹ́wẹ́ mẹ́fà sí i, yóò fi èèpo wọn gbo ibi tí ó pọ́n, yóò sì kó èèpo náà dànù sí ààtàn. Bí ọsàn bá wọ́n, omi ògì tí ó kan dáadáa, tí a ti sẹ́, ni yóò lò. Kíkan wọn ni ó ń tú ìpẹ́pẹ́ tí omi kànga àti ìtọ̀ fi sílẹ̀ lára àwo. Ní òwúrọ̀, yóò fi búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ díẹ̀ fọ̀ ọ́. Bí ó bá ti pẹ́ tí ó pọ́n, yóò tún un ṣe ní alẹ́ méjì tàbí mẹ́ta sí i. Ọṣẹ àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni a fi ń nu ìjókòó àti ọwọ́ ìlẹ̀kùn. A kì í lo omi híhó, nítorí ó lè la àwo.

Níbi tí ó bá jẹ́ ṣáláńgá ni wọ́n ń lò, eérú ìdí ààrò ni oògùn. Bí ẹnikẹ́ni bá ti ṣe tán, kí ó bu ẹ̀kúnwọ́ eérú gbígbẹ tí ó ti tutù sí i, kí ó sì dé ihò náà. Òórùn yóò dín kù, eṣinṣin tí ń gbé ìgbẹ́ gbuuru kiri yóò sì dín kù pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n a kò gbọ́dọ̀ da eérú tàbí iyanrìn sínú ìgbọ̀nsẹ̀ olómi. Kòkòrò kò lè jẹ wọ́n. Ìsàlẹ̀ táǹkì ni wọn yóò rọ́ jọ sí. Bẹ́ẹ̀ ni kí a má ṣe da àkísà, pádì tàbí òróró sí i.

Ó yẹ kí a mọ̀ pé ọsàn ń mú kí àwo funfun ni, kò tó láti pa kòkòrò àrùn. Bí onígbáméjì tàbí ìgbẹ́ gbuuru bá wọ ilé, bílíìṣì ni kí a lò, ní ìwọ̀n tí a kọ sára ìgò rẹ̀. Ìwọ̀nba bẹ́ẹ̀ kò ní ba táǹkì jẹ́. Ṣùgbọ́n kí a kọ́kọ́ fi omi ṣan ọsàn kúrò pátápátá. Bí bílíìṣì bá pàdé omi ọsàn, omi kíkan tàbí oògùn mìíràn, afẹ́fẹ́ olóró lè jáde, kí ó sì dí ènìyàn ní èémí.

Ó ti pé ọdún méjì báyìí tí ìdílé kọ̀ọ̀kan ti ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wa ní ọ̀sẹ̀ tirẹ̀. Táǹkì kò tíì kún. Owó ìdánwò mi sì pé ní ọdún yìí. Òun ni mo fi rí àyè jókòó kọ àròkọ yìí.

ÀKÍYÈSÍ
Ẹ wo bí akẹ́kọ̀ọ́ yìí ti ń sọ ìdí ohun tí ó bá sọ. Òwe kan ṣoṣo ni ó lò, ó sì bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu.

IṢẸ́ ṢÍṢE
Kọ àròkọ lórí: Bí a ṣe lè pa kànga àdúgbò wa mọ́.