Kí Ni Ó Kú Nínú Tímà Iná Tí Kò Ṣiṣẹ́ Mọ́?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú ẹ̀kọ́ èdè Yorùbá, ẹ̀yin olùkọ́ wa gbogbo, ó lè yà yín lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ iná ni mo gbé wá sínú ìwé ẹgbẹ́ wa lọ́dún yìí. Ẹ fara balẹ̀. Ọ̀rọ̀ èdè ni ó mú mi dé ìdí rẹ̀.

Nígbà tí a gba ìsinmi, mo lọ sí ilé wa ní Ìbàdàn. Ìyá mi ń sin adìẹ 40 ní ẹ̀yìnkùlé, inú ilé adìẹ náà sì ni tímà wà. Ẹni tí kò bá mọ tímà, ẹ̀rọ kékeré kan ni tí a ń kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì lára ògiri. A óò ki wáyà gílóòbù bọ òun náà lára, a óò sì dá àkókò fún un. Bí àkókò bá tó, yóò tan iná fúnra rẹ̀. Bí òmíràn bá tó, yóò pa á. Ẹnikẹ́ni kò ní jí ní òru nítorí adìẹ mọ́.

Bí mo ti ń gbé àpò mi kalẹ̀ ni ìyá mi wí pé tímà náà ti kú. Rẹ́wáyà àdúgbò ni ó kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀, ó sì ní kí wọ́n ra òmíràn. Wọ́n ra òmíràn. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, òun náà tún kú.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó tímà nìkan. Bí adìẹ yóò bá yé dáadáa, ó ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ fún nǹkan bí wákàtí 14 sí 16 lójoojúmọ́. Ní Ìbàdàn, kò sí oṣù kan nínú ọdún tí oòrùn ń lo wákàtí 13 lójú ọ̀run. Iná ni a fi ń dí àlàfo náà. Ìyá mi dá tímà rẹ̀ sí aago mẹ́rin ìdájí títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, àti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ sí mẹ́jọ alẹ́. Bí ìmọ́lẹ̀ bá dín kù lójijì, ara adìẹ a gbà pé ìgbà ìyé ti kọjá. Ẹyin a dín, ìyẹ́ a sì bẹ̀rẹ̀ sí í já dànù. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Láti ara owó ẹyin wọ̀nyí ni owó ọkọ̀ àti owó ìwé mi ti ń jáde, nítorí náà ọ̀rọ̀ náà kàn mí gbọ̀ngbọ̀n.

Ìyá mi ni ó tú ọ̀rọ̀ náà, kì í ṣe èmi. Ó ní, “Nǹkan kan ń ṣe mí ní kàyéfì. Ará ilé kejì ní òun rí iná tí ń jó nínú ilé adìẹ ní aago méjìlá ọ̀sán.”

“Màmá, ṣé kì í ṣe ẹ̀yin ni ẹ tàn án?”

“Èmi kò fọwọ́ kàn án. Bí ó bá ti kú lóòótọ́, ta ni ó ń tan iná? Òkú kì í sáà tan iná.”

Níbí ni ẹ̀kọ́ wa ti wọ ọ̀rọ̀. “Kú” jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe tí iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ jù: ènìyàn ń kú, iná ń kú, ẹ̀rọ ọkọ̀ ń kú lójú ọ̀nà, ẹnu ọ̀bẹ pàápàá ń kú. Ó dùn ún sọ, ṣùgbọ́n kò fi ibi tí àrùn wà hàn. “Iná” tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí a fi ń se ọbẹ̀, ohun tí ń gba inú wáyà kọjá, àti ìmọ́lẹ̀ tí gílóòbù ń fúnni, “iná” ni gbogbo wọn. Bí rẹ́wáyà bá ní iná kò sí, èwo ni kò sí nínú wọn? Ẹ tún wo “wọ́n” inú “wọ́n ti mú iná lọ”. “Wọ́n” tí kò tọ́ka sí ẹnì kan pàtó ni, bíi ti “wọ́n bí i ní Ìbàdàn”. A kì í bèèrè ẹni tí ó mú un lọ, a kì í sì í ka iye wákàtí tí ó fi lọ. Bẹ́ẹ̀ iye wákàtí náà gan-an ni àṣírí tímà yìí.

Mo pín ọ̀rọ̀ náà sí mẹ́ta: iná tí ń wọlé, aago inú tímà, àti ọwọ́ tí ń ṣí iná tí ó sì ń tì í. Mo yọ tímà, mo ki ṣájà fóònù mi bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì náà. Iná ń wọlé. Mo ki wáyà gílóòbù bọ ọ́ tààrà, ó tàn. Mo wo bọ́tìnnì kékeré tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ tímà, èyí tí apá kan rẹ̀ ń fi iná sílẹ̀ nígbà gbogbo, tí apá kejì ń fi í lé tímà lọ́wọ́. Ó rọrùn kí ọwọ́ ṣèèṣì gbá a, ṣùgbọ́n ààyè rẹ̀ ni ó wà.

Ojú tímà wa rí roboto bí ọmọrí ìkòkò. Eyín kéékèèké 96 ni ó yí i ká, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ìṣẹ́jú 15, àwọn tí a bá tẹ̀ mọ́lẹ̀ sì ni àkókò tí iná yóò máa jó. Mo fi ọwọ́ yí i díẹ̀díẹ̀ sí ibi tí ọfà kọjú sí. (Ẹ má yí i sẹ́yìn o, ohun tí ó wà nínú lè ṣẹ́.) Bí àmì ti bọ́ sórí eyín tí a tẹ̀, mo gbọ́ “kọ́”, gílóòbù sì tàn. Ọwọ́ kò kú. Mo wá fi pẹ́ńsùlù fa ìlà sí i lára, mo sì dúró fún wákàtí kan. Ó rin wákàtí kan gééré. Aago náà kò kú.

Irú aago yìí kò ní bátìrì. Mọ́tò kékeré inú rẹ̀ ń tẹ̀ lé ìlù iná. Ní Nàìjíríà, iná ń lọ ó ń bọ̀ nínú wáyà ní ìgbà 50 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan, mọ́tò náà sì ń bá a jó ẹsẹ̀ sí ẹsẹ̀. Henry Warren ṣe irú aago bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní 1916, wọ́n gbé aago àgbà rẹ̀ kan sí ilé iṣẹ́ amúnáwá ní Boston kí àwọn tí ń ṣọ́ ẹ̀rọ lè mọ̀ bí ìlù náà bá yá jù tàbí bí ó bá falẹ̀. Aago tí ń ka iná kò mọ ohun mìíràn kà. Bí wọ́n bá mú iná lọ fún wákàtí 5, wákàtí 5 yẹn kò sí láyé tímà. Nígbà tí iná bá dé, yóò máa bá ìrìn rẹ̀ lọ láti ibi tí ó dúró sí. Ohun tí ará ilé kejì rí ní aago méjìlá nìyẹn: tímà ti fi wákàtí 8 sẹ́yìn, ó sì ń jí àwọn adìẹ fún ìdájí tirẹ̀.

N kò bú rẹ́wáyà. Ẹni tí wọ́n pè ní ọ̀sán, tí ó bá gílóòbù tí kò tàn, kí ni ì bá sọ? Mo kọ́ ìyá mi pé nígbàkígbà tí iná bá dé, kí ó wo aago, kí ó sì yí ojú tímà síwájú títí yóò fi bá a dọ́gba. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí kò ru ẹrù púpọ̀ lè máa lu ìlù 52 dípò 50, ṣùgbọ́n bí ìṣẹ́jú 2 àti ààbọ̀ ni ìyẹn fi ń yá ní wákàtí kan. Kò tó nǹkan. Ẹni tí ó bá gbé tímà wá láti Amẹ́ríkà, níbi tí ìlù ti jẹ́ 60, ni kí ó ṣọ́ra. Aago bẹ́ẹ̀ yóò pàdánù ìṣẹ́jú 10 ní wákàtí kọ̀ọ̀kan lọ́dọ̀ wa, bí iná wa tí ó lágbára ju tiwọn lọ kò bá tilẹ̀ jó o.

Tímà a máa kú lóòótọ́. Bí a bá fi ọwọ́ yí i tí ó dún “kọ́” ṣùgbọ́n tí gílóòbù kò tàn, ó ṣeé ṣe kí irin tí ń pàdé nínú rẹ̀ ti jóná. Bí iná bá ń jó tí kò kú mọ́, àwọn irin náà ti lẹ̀ mọ́ra. Gílóòbù LED púpọ̀ tí a so mọ́ ọn lè fa èyí, nítorí iná tí wọ́n ń fà lójijì nígbà tí a bá tàn wọ́n pọ̀ ju èyí tí wọ́n ń jẹ lẹ́yìn náà lọ. Bí iná bá wà tí ìlà pẹ́ńsùlù kò kúrò lójú kan, mọ́tò ni, tàbí eruku, eruku ilé adìẹ kò sì kéré. Irú èyí, ẹ ra òmíràn, ẹ má tú u. Tímà tí ń fi nọ́ńbà hàn lójú ní bátìrì kékeré tí ń bá a rántí àkókò, bátìrì náà a sì máa gbó.

Ẹ̀gbọ́n mi tí ń gbé ní London gbọ́ ìròyìn náà, ó sì fi irú tuntun ránṣẹ́, èyí tí ń bèèrè àkókò lọ́wọ́ íntánẹ́ẹ̀tì ní gbogbo ìgbà tí iná bá dé. Láti oṣù Kẹfà ni kò ti tàsé. Nígbà tí oṣù Kẹwàá parí, ìyá mi pè mí lórí fóònù ní ilé ẹ̀kọ́: iná aago mẹ́rin ti di iná aago márùn-ún. Ó ní, “Èyí kò kú o. Ó ń pẹ́ ni, wákàtí kan gééré.” Mo bi ẹ̀gbọ́n mi léèrè, ó ní London ni òun kọ sínú rẹ̀ bí ìlú tí ó wà. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, aago London àti tiwa dọ́gba; ní ọjọ́ Àìkú tí ó kẹ́yìn oṣù Kẹwàá, wọ́n a dá tiwọn padà sẹ́yìn ní wákàtí kan, tiwa kì í sún. Ó yí ìlú náà sí Lagos láti ọ̀hún. Ní ìdájí ọjọ́ kejì, aago mẹ́rin ni ìyá mi ní àkùkọ ará ilé kejì gbọ́ ariwo àwọn adìẹ òun.