Àbúrò Mi, Má Kánjú Ra Kọ̀nfátà

Mo gbọ́ pé o ti ra ọkọ̀ tí ojú rẹ wà lára rẹ̀ láti ọjọ́ tí o ti dé Houston. O kú oríire, àbúrò mi. Ọkọ̀ náà á gbé ọ dé ibi ire. Wọ́n tún ní o ti ń wá owó jọ láti yọ tọ́ọ̀kì kọ̀nfátà inú rẹ̀, kí o fi èyí tó le sí i, torí ẹnìkan ti sọ fún ọ pé ìyẹn ni yóò jẹ́ kí ọkọ̀ máa ta bí ọfà. Jókòó tì mí díẹ̀ ná. Ohun tí mo fẹ́ bá ọ sọ yìí, n kò rẹ́ni bá mi sọ ọ́ nígbà tèmi. Owó ni mo fi kọ́ ọ.

O mọ Chevelle mi, ti ọdún 1972, ẹ́ńjìnnì 350, gíà Turbo 350. Kò sóhun tó ṣe é. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ tí wọ́n ń pariwo 3,500, 3,500, ni mo bá lọ ra kọ̀nfátà tí wọ́n kọ 3,500 sí lára páálí rẹ̀. Ẹni tó tà á fún mi kò bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo nípa ọkọ̀ mi. Ó gbowó, ó gbé páálí fún mi. Ọ̀sẹ̀ kìíní, inú mi dùn. Ó wá di oṣù Keje, oòrùn ń jó títì, mo lọ ra èlùbọ́ àti ẹja gbígbẹ ní Bissonnet, mo sì gba Southwest Freeway padà sílé. Ẹ́ńjìnnì ń ké gan-an, àmọ́ ìrìn ọkọ̀ kò tó igbe rẹ̀. Nígbà tí mo délé, mo fa ọ̀pá tí a fi ń wọn òróró gíà yọ, mo nù ún sí áńkáṣíìfù funfun. Òróró tó yẹ kó pupa bí sobo ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú bíi tíì tó pẹ́ lórí iná, ó sì ń rùn bí àkàrà tó jóná. Mo dúró níbẹ̀, mo ń wo áńkáṣíìfù yẹn, ẹnu mi ò gba ọ̀rọ̀.

Jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú gíà náà fún ọ. Ṣé o rántí bí màmá wa ṣe ń po ògì? Bí orógùn bá ti ń yí, ògì náà á bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Bí ṣíbí bá já bọ́ sínú rẹ̀, ṣíbí á máa bá a yí, bẹ́ẹ̀ orógùn ò fara kàn án. Bí kọ̀nfátà ṣe rí nìyẹn. Apá kan so mọ́ ẹ́ńjìnnì, òun ni orógùn. Apá kejì so mọ́ gíà, òun ni ṣíbí. Òróró gíà ni ògì. Abẹ̀bẹ̀ irin kékeré kan wà láàárín àwọn méjèèjì tó ń darí òróró padà sọ́nà tó yẹ, òun ló sì ń mú kí agbára tó ń dé gíà tó nǹkan bí ìlọ́po méjì nígbà tí ọkọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra. Ọmọ Jámánì kan, Hermann Föttinger, ló ronú kàn án ní 1905, ọkọ̀ ojú omi ló sì tìtorí rẹ̀ ṣe é. Kò dénú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ará ìlú ń rà ní Amẹ́ríkà títí Buick fi gbé gíà Dynaflow jáde ní 1948. Ohun tí wọ́n ṣe láti fi ti ọkọ̀ ojú omi kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́, àbúrò mi.

Nọ́ńbà ara páálí yẹn ni wọ́n ń pè ní stall. Bí o bá tẹ bíréèkì pa, tí táyà ò yí, tí o wá tẹ iná mọ́ ẹ́ńjìnnì, ó ní ibi tí ìyípo rẹ̀ máa dé tí òróró á dì í mú, tí kò ní lè lọ mọ́. Ibẹ̀ ni stall. Ọ̀pọ̀ èyí tó bá irú ọkọ̀ bíi tèmi jáde láti ilé iṣẹ́ kì í ju 1,600 sí 1,800 ìyípo ní ìṣẹ́jú kan lọ. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí nísàlẹ̀ nọ́ńbà stall kọ̀nfátà rẹ nígbà tí o wà lójú títì, òróró ń yọ̀ ni, kò dì mú dáadáa. Yíyọ̀ yẹn ló ń di ooru, ooru yẹn ló ń pa gíà.

Nítorí náà, ohun tó yẹ kí o kọ́kọ́ mọ̀ ni ìyípo tí ẹ́ńjìnnì rẹ ń yí nígbà tí o bá ń lọ jẹ́jẹ́ lójú títì. Bá mi lọ sẹ́yìn ọkọ̀. Fi igi há táyà iwájú, gbé táyà ẹ̀yìn kan sókè, fi irin tó lágbára gbé ọkọ̀ dúró, kí o wá yọ gíà sí nútírà. Fi ẹfun fa ìlà sára táyà, fa òmíràn sára ọ̀pá gígùn tó ti gíà wá sẹ́yìn. Yí táyà náà po ẹ̀ẹ̀mejì gbáko, kí ẹnìkan bá ọ ka iye ìgbà tí ọ̀pá yí. Bí ó bá yí ẹ̀ẹ̀mejì àti nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, 2.73 ni gíà ẹ̀yìn rẹ, ìyẹn gíà tó wà láàárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì. Bí ó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́ta àti ààbọ̀, 3.42 ni. Bí tìẹ bá jẹ́ irú èyí tí táyà ẹ̀yìn méjèèjì ń bára wọn yí sọ́nà kan náà, gbé méjèèjì sókè, kí o yí wọn ní ẹ̀ẹ̀kan péré.

Wá fi iye máìlì tí o ń sá ní wákàtí kan lọ́nà nọ́ńbà gíà yẹn, fi lọ́nà 336, kí o pín in sí gíga táyà rẹ ní íǹṣì. Tèmi rèé: 60 lọ́nà 2.73, lọ́nà 336, mo pín in sí 26, ó jẹ́ nǹkan bí 2,100. Mo wá lọ gbé kọ̀nfátà 3,500 sí ọkọ̀ tó ń fi 2,100 rin títì! Ká ní 3.73 ni gíà ẹ̀yìn mi, ì bá sún mọ́ 2,900, síbẹ̀ 3,500 ì bá ṣì pọ̀ jù. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.

Bí ẹ́ńjìnnì rẹ bá wà bó ṣe jáde nílé iṣẹ́, tí gíà ẹ̀yìn rẹ sì wà láàárín 2.73 àti 3.08, dúró ti kọ̀nfátà ńlá oní-íǹṣì 12 tó bá a jáde, má sì jẹ́ kó kọjá 2,000. Bí o bá ti pààrọ̀ camshaft, ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù ẹ́ńjìnnì, sí èyí tó le díẹ̀, tí gíà ẹ̀yìn sì jẹ́ 3.42 tàbí 3.73, 2,200 sí 2,500 á tẹ́ ọ lọ́rùn. Òótọ́ ni pé bí camshaft bá le gan-an, tí ẹ́ńjìnnì ń gbọ̀n tí ọkọ̀ sì ń ti bíréèkì síwájú ní gbogbo iná pupa, kọ̀nfátà tó tú díẹ̀ á ràn án lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ẹni tó ń fi ọkọ̀ rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àti ọjà kò níṣẹ́ pẹ̀lú ohun tó ju 2,500 lọ.

Má fọkàn tẹ nọ́ńbà ara páálí jù pẹ̀lú. Agbára ẹ́ńjìnnì ló ń sún un. Kọ̀nfátà kan náà tó dúró ní 2,500 lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì kan lè má tó bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn èyí tí kò lágbára, ó sì lè kọjá bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn èyí tó lágbára jù ú lọ. Ìdí rèé tí olùtajà tó mọṣẹ́ fi máa bi ọ́ ní ìwúwo ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì, camshaft, gíà ẹ̀yìn, gíga táyà, àti irú gíà tó wà nínú rẹ̀. Sọ òtítọ́ fún un. Má sọ pé ọkọ̀ rẹ lágbára ju bó ṣe mọ lọ. Ẹni tí kò bá sì bi ọ́, máa bá tìrẹ lọ.

Bí wọ́n bá ti fi gíà 700R4 rọ́pò gíà àtijọ́ nínú ọkọ̀ rẹ, kọ̀nfátà tirẹ̀ yàtọ̀: ó ní ohun kan nínú tó ń so apá méjèèjì pọ̀ pátápátá lójú títì. Rí i dájú pé wọ́n so wáyà rẹ̀. Bí wọn ò bá so ó, ooru ni o fi ń rìn.

Ra ohun tó ń tu òróró gíà lára, kí wọ́n gbé e síwájú rédíétọ̀. Houston kì í ṣe ibi téèyàn ń fi èyí ṣeré. Bí gíà bá sì ti jóná rí, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá kọ̀nfátà àtijọ́ padà sí i. Èérún irin ti wọnú rẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ kó o tán ní láti gé e ṣí ni.

Ọjọ́ tí wọ́n bá máa fi tuntun sí i, dúró tì wọ́n. Jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ bu òróró bíi lítà kan sínú rẹ̀. Kí mẹkáníìkì tì í wọlé, kó máa yí i díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́. Ó máa ń rọ̀ wọlé lẹ́ẹ̀mẹta, ìwọ náà á gbọ́ ọ: kó, kó, kó. Nígbà tí wọ́n bá gbé gíà pàdé ẹ́ńjìnnì, kọ̀nfátà gbọ́dọ̀ ṣì máa yí lọ́wọ́, kí àyè bíi mílímítà mẹ́ta sí márùn-ún sì wà láàárín òun àti àwo irin ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì. Bí kò bá sí àyè yẹn, kò tíì wọlé tán. Ẹni tó bá fi nọ́ọ̀tù fà á mọ́ra ní tipátipá, pọ́ǹpù gíà ló fẹ́ fọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé, lọ ka ìyípo ọ̀pá yẹn, kí o fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Jọ̀wọ́, má sanwó fún ẹnikẹ́ni kí ọjọ́ náà tó pé.